Ẹ̀rù ló ń ba ẹṣin yẹn, kì í ṣe oríkunkun

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an ni. Tí ẹṣin bá ti ń ta gìrì, àwọn èèyàn á ní olóríkunkun ni, wọ́n á gbé pàṣán, bẹ́ẹ̀ ẹran tí kìnnìún máa ń pa jẹ ni, kó sáà sá ló mọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí gbogbo àyíká ẹ̀ tán àmọ́ kì í rí ẹ̀yìn ìdí ẹ̀, ẹni tó bá gba ibẹ̀ yọ sí i láì sọ̀rọ̀, ó máa ta á nípàá ni.

Ẹṣin tí mo fi kọ́ṣẹ́ ẹṣin títọ́, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ihò imú ẹ̀ fẹ̀, etí ẹ̀ ń yí síwá sẹ́yìn, awọ èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo gba ẹ̀gbẹ́ èjìká lọ bá a, mò ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo rọra fa okùn, bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan péré báyìí mo dẹ okùn lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tá a bá dẹ okùn yẹn gan-an ló ń kẹ́kọ̀ọ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ fún wọn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ ti tó. Nígbà tó yá, ó tẹ orí wálẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó wá gbé imú lé mi láyà, omi bọ́ lójú mi.