Èsì méjì láti ilé síkáànù méjì: ta ló parọ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Ìkòròdú, láti Ṣàbó títí dé Ìjẹ̀dẹ̀: "Mo ṣe síkáànù níbì kan, wọ́n ní báyìí ni, mo tún un ṣe níbòmíràn, wọ́n ní báyìí kọ́. Olè ni gbogbo wọn." Iṣẹ́ yíya àwòrán inú ara ni iṣẹ́ wa. A ò ní gbèjà ẹnikẹ́ni tó ń fi ẹ̀rọ tó ti gbó gba owó ọlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí èsì méjì kò bá bára mu, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé ẹnì kan ló jókòó parọ́. Àwọn ohun tó máa ń fà á ṣe é mọ̀, púpọ̀ nínú wọn ni aláìsàn sì lè dènà kó tó kúrò nílé.

Oyún ni ìjà ti ń pọ̀ jù. Síkáànù ò mọ ọjọ́ tí obìnrin lóyún. Ńṣe ló ń wọn ọmọ, ìwọ̀n yẹn la sì fi ń ṣírò ọjọ́. Nígbà tí oyún kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 9, láti orí ọmọ dé ìdí rẹ̀ la máa ń wọ̀n, àṣìṣe rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bí ọjọ́ 5 lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, ó di ọjọ́ 7. Tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 28, ó lè fi ọjọ́ 21 yẹ̀, torí pé ọmọ inú ò tóbi bákan náà: ọ̀kan á ki, èkejì á tẹ́ẹ́rẹ́, oṣù kan náà sì ni oyún àwọn méjèèjì. Nítorí náà, bí síkáànù oṣù kejì bá ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà lẹ máa bímọ, tí ti oṣù kẹjọ wá ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, kò sí ìjà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ dì mú. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ìyá sì máa ń sọnù kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà gbogbo aláboyún nímọ̀ràn láti 2016 pé kí wọ́n ṣe síkáànù kan, ó kéré tán, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Lójú tiwa, bí ẹ bá lè ṣe é kó tó pé ọ̀sẹ̀ 14, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹni tó bá sọ ọ́ fún yín kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 14 ń méfò ni. Kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 18, ọmọ lè pa ẹsẹ̀ pọ̀, okùn ìwọ́ sì lè wà láàárín itan kó dà bí nǹkan ọkùnrin. Ẹ má tìtorí ẹ̀ ra aṣọ.

Lẹ́yìn oyún, ìju, ìyẹn kókó inú ilé ọmọ, ló kàn. Obìnrin á kó ìwé méjì wá, ọ̀kan kọ 4.5, èkejì kọ 45, ẹ̀rù á sì ti bà á pé ó ti wú. Ọ̀kan náà ni wọ́n: sẹ̀ǹtímítà 4.5 ni mìlímítà 45. Ẹ máa wo lẹ́tà kékeré tó tẹ̀lé nọ́ńbà, bóyá cm ni tàbí mm. Ìju kì í sì í rí roboto bí ọsàn. Bí a bá ṣe gbé ojú ẹ̀rọ lé ikùn la ó ṣe rí i, torí náà òṣìṣẹ́ méjì lè wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan náà kí mìlímítà díẹ̀ yàtọ̀ láàárín wọn. Ìyẹn kọ́ ni pé ó dàgbà. Bí wọ́n bá sì tó mẹ́fà tàbí méje nínú ilé ọmọ kan, ó lè jẹ́ pé èyí tí ẹni àkọ́kọ́ wọ̀n kọ́ ni ẹnì kejì wọ̀n. Èsì tó dára máa ń sọ ibi tí èyí tó tóbi nínú wọn wà, bóyá níwájú, lẹ́yìn, nínú ihò ilé ọmọ tàbí níta rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tó kàn kọ "ìju wà" kò tó owó tí ẹ san.

Omi mímu ló ń ba síkáànù abẹ́ ikùn jẹ́ jù. Ìró ni síkáànù fi ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ sì ni ọ̀tá rẹ̀: ìró tí ẹ̀rọ ń rán wọlé ò lè la afẹ́fẹ́ kọjá, bẹ́ẹ̀ ìfun kún fún afẹ́fẹ́. Àpò ìtọ̀ tó kún ló ń ti ìfun sókè, omi inú rẹ̀ á wá di fèrèsé tí a ń gbà wo ilé ọmọ. (Jẹ́ẹ̀lì tútù tí à ń fi sí ikùn náà, afẹ́fẹ́ ló ń lé, láàárín ojú ẹ̀rọ àti awọ ara.) Píọ̀ wọ́tà méjì, tó jẹ́ lítà kan, ní wákàtí kan ṣáájú, ti tó. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìmọ̀ta tàbí Ìjẹ̀dẹ̀ má mu ún kó tó wọkọ̀ o. Gbogbo wa la mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà wa. Ẹ dé ọ̀dọ̀ wa ná, kí ẹ mu ún níbẹ̀. Àmujù náà ò dáa: àpò ìtọ̀ tó kún àkúnjù á tẹ ilé ọmọ pẹlẹbẹ, ìwọ̀n á sì yí padà. Bó bá jẹ́ síkáànù ojú ara ni dókítà kọ, òdì kejì ni, ẹ tọ̀ kúrò pátápátá. Ti pírósítéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ní ìgbésẹ̀ méjì: bàbá á wá pẹ̀lú ìtọ̀ lára, a ó wò ó, a ó ní kó lọ tọ̀, a ó tún wo iye ìtọ̀ tó ṣẹ́ kù. Bàbá tó bá ti yọ́ lọ tọ̀ kó tó kàn án ti ba iṣẹ́ jẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó tijú láti sọ fún wa.

Ti ikùn òkè, níbi tí ẹ̀dọ̀ àti àpò òróòro wà, ẹ má jẹun fún wákàtí 6 sí 8. Bí oúnjẹ bá dénú, pàápàá oúnjẹ elépo, àpò òróòro á fún pọ̀, òkúta inú rẹ̀ á sì fara pamọ́. Ẹni tó jẹ àkàrà láàárọ̀, tí wọ́n ní àwọn ò rí òkúta, tó wá lọ síbòmíràn lọ́la láìjẹun tí wọ́n rí mẹ́ta, kò sẹ́ni tó parọ́ fún un. Omi lásán ò burú. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bíà, ṣingọ́ọ̀mù àti sìgá ló ń kó afẹ́fẹ́ sínú. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gba ipò àkọ́kọ́ láàárọ̀, kó sì ti bi dókítà rẹ̀ bí yóò ṣe lo oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

X-ray yàtọ̀ sí síkáànù. Ìtànṣán ni, èyí tí Röntgen ará Jámánì ṣàwárí ní 1895, ohun tó bá ki ló sì ń dí i lọ́nà. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ìfúnpá, tírà tí irin wà lára rẹ̀, bọ́tìnnì jíìnsì, ìkọ́ kọ́mú, fóònù inú àpò, gbogbo wọn ló ń hàn nínú fíìmù. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ ò bá fẹ́ já, ẹ sọ ọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn ó ṣe é tì kúrò lójú ibi tí à ń yà. Irun ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀ sí. Irun dídì tó nípọn, tó wálẹ̀ dé èjìká, máa ń fa ìlà funfun sórí ẹ̀dọ̀fóró lókè, níbi tí ikọ́ ife sì fẹ́ràn jù nìyẹn. Ẹ kó irun jọ sí àtàrí.

Ọ̀rọ̀ "ọkàn ńlá" tún wà. Àwòrán àyà tó péye, orí ìdúró la ti ń yà á. Aláìsàn á fi àyà ti pátákó, ìtànṣán á máa ti ẹ̀yìn bọ̀ láti nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 180, ọwọ́ á wà ní ìbàdí, ìgúnpá á sún síwájú kí egungun èjìká lè kúrò lórí ẹ̀dọ̀fóró. Á wá fa èémí sínú títí, á sì dá a dúró. Bí ó bá fà á kanlẹ̀, a ó lè ka egungun ìhà ẹ̀yìn bíi 10 lórí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó dùbúlẹ̀, tí a yà láti iwájú, tí kò lè mí kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ á tóbi nínú fíìmù ju bó ṣe rí lọ. Òjìji ni. Ẹ gbé ọwọ́ sẹ́bàá àtùpà, kí ẹ wo bó ṣe tóbi tó lára ògiri. Ẹ gbé e sún mọ́ ògiri, á kéré. Àwọn kan ti lè lọ jẹ́rìí pé ọkàn àwọn tó wú ti wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdúró àti ìdùbúlẹ̀ ló yàtọ̀.

Egungun tó kán náà lè fara pamọ́. Ọ̀nà méjì, ó kéré tán, la gbọ́dọ̀ fi ya á, iwájú àti ẹ̀gbẹ́, torí pé egungun tó là lè tò gún régé lójú kan. Fíìmù kan ṣoṣo fún ẹsẹ̀ tí ọ̀kadà gbá, ẹ má gbà á. Egungun kékeré kan sì wà ní ọrùn ọwọ́ nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, tó jẹ́ pé bó bá sán lónìí, X-ray lè má rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14 ni yóò hàn. Bí ibẹ̀ bá ń dun èèyàn, kó má lọ fún àwọn tó ń to egungun fà nítorí pé fíìmù àkọ́kọ́ mọ́.

Èyí tó ń dun àwọn obìnrin jù ni X-ray ilé ọmọ, tí wọ́n ń pè ní HSG, èyí tí a fi ń wò bóyá ọ̀nà ẹyin ṣí tàbí ó dí. Ọjọ́ 7 sí 10 nǹkan oṣù la máa ń ṣe é, ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ wá la sì ń kà sí ọjọ́ kìíní. Ọ̀pọ̀ ló ń ka ọjọ́ tó dá gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá pẹ́ dé. Ẹ má sún mọ́ ọkọ láti ìgbà tí nǹkan oṣù ti bẹ̀rẹ̀ títí a ó fi ṣe é. Ẹ bi dókítà nípa oògùn ìrora tí ẹ máa lò ní wákàtí kan ṣáájú, nítorí pé ìrora àti ìbẹ̀rù lè mú kí iṣan ẹnu ọ̀nà ẹyin fún pọ̀. Oògùn olómi tí a fi sínú ò ní kọjá, fíìmù á sì jọ ti ọ̀nà tó dí. Ẹni tó mọṣẹ́ á ní sùúrù díẹ̀, á tún un tì wọlé jẹ́jẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀nà "tó dí" lóṣù yìí fi lè ṣí lóṣù mìíràn láìlo nǹkan kan. Àwọn tó ń ta àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ilé ọmọ mọ èyí dáadáa, òun ni wọ́n fi ń gba ìyìn.

Ó yẹ ká sọ ẹ̀bi tiwa náà. Bí iná bá ń lọ sókè sódò, tí kò sí ohun tó ń mú un dúró, àwòrán X-ray ò ní mọ́ kedere, a ó sì tún un yà. Àtúnyà yẹn, ìtànṣán méjì ni aláìsàn gbà. Kò pọ̀ lóòótọ́: X-ray àyà kì í sábà ju mílísífàtì (òṣùwọ̀n ìtànṣán) 0.1 lọ, nígbà tí ilẹ̀, òfuurufú àti oúnjẹ ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 2.4 lọ́dún. Síkáànù orí ti CT, tó jẹ́ pé ìtànṣán X-ray lòun ń lò, kì í ṣe ìró, lè tó 2. Síbẹ̀, kí ilé iṣẹ́ tó ṣàṣìṣe má gba owó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wo ara ògiri fún ìwé àṣẹ NNRA, àjọ tó ń ṣọ́ ìtànṣán nílẹ̀ wa láti 2001, àti ti HEFAMAA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń ṣọ́ àwọn ilé ìlera. Ẹ bèèrè bóyá ẹni tó ń yà á ní ìwé RRBN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán inú ara sílẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í bí òṣìṣẹ́ gidi nínú. Kí obìnrin tó bá ṣeé ṣe kó ti lóyún sì sọ ọ́ kí a tó tẹ bọ́tìnnì.

Dókítà ńkọ́? Fọ́ọ̀mù tó kàn kọ "X-ray àyà" láìsọ pé ikọ́ ti mú aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí tí kò sọ bóyá ọwọ́ ọ̀tún ni tàbí òsì, ojú afọ́jú ni ó fún ẹni tó máa ka àwòrán. Fọ́tò fíìmù tí wọ́n fi fóònù yà lójú fèrèsé, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, náà burú: ohun tó tín-ín-rín á ti sọnù. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ojúlówó àwòrán sórí fáláàṣì tàbí CD.

Ohun kan tí àwọn èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n ń fi èsì àkọ́kọ́ pamọ́, kí wọ́n lè fi dán ilé kejì wò bóyá wọ́n mọṣẹ́. Ara yín lẹ̀ ń dán wò. Ẹni tó rí fíìmù ọdún tó kọjá ló lè sọ bóyá àmì inú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ àpá àtijọ́ tàbí àìsàn tuntun. Ẹ kó o wá, fíìmù àti ìwé rẹ̀. Kí ẹ sì má fi sí iwájú ọkọ̀ nínú oòrùn, kí ẹ má sì gbé e lọ fún àwọn onílámínétì, torí pé púpọ̀ nínú fíìmù òde òní, ooru ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ooru náà ló sì máa sọ ọ́ di dúdú kirikiri.

Àwa òṣìṣẹ́ X-ray àti síkáànù kan,
Ìkòròdú.