Lẹ́tà sí Bùnmi nípa ọrùn Bàbá

Bùnmi ọ̀rẹ́ mi,

O kú ìdààmú ọkàn o. Mo ti rí Bàbá lẹ́yìn tí eegun ọrùn wọn kán. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń béèrè rẹ, ọwọ́ àtẹsẹ̀ wọn sì ń ṣiṣẹ́.

Eegun méje ló wà ní ọrùn. Èkíní, tó rí roboto, ni orí jókòó lé. Èkejì ní ṣóńṣó kan tó yọ sókè sínú èkíní, ibẹ̀ ni nǹkan bí ìdajì yíyí ọrùn ti ń wá. Ìdí ṣóńṣó yẹn ló kán nígbà tí wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀. X-ray ò fi í hàn dáadáa, síkáànù CT, tó ń ya àwòrán inú ara fínnífínní, ló tú àṣírí rẹ̀. A dúpẹ́ pé kò yẹ̀ púpọ̀, èkíní náà ò sì fọ́. (Manchester tí o wà yẹn ni dókítà oníṣẹ́ abẹ Geoffrey Jefferson ti ṣiṣẹ́, ẹni tó kọ̀wé ní 1920 lórí bí èkíní ṣe ń fọ́.)

Èyí tó bá kán ní ìdí kì í tètè so lára àgbà. Àwọn kan ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n fi irin so èkíní mọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n orí ò ní lè yí bíi tẹ́lẹ̀ mọ́. Òrùka irin tí wọ́n ń dè mọ́ agbárí sì wà, àmọ́ ó máa ń ni àgbà lára láti mí àti láti gbé oúnjẹ mì. Èmi fara mọ́ kọ́là líle tí wọ́n ń fi sọ́rùn kó má baà mì, nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bí eegun ò tilẹ̀ so tán, ẹran ara lè dì í mú débi pé kò ní dùn wọ́n.

Lánàá a tọ́jú abẹ́ kọ́là. Mo di orí wọn mú gírígírí, nọ́ọ̀sì kejì ṣí iwájú rẹ̀, ó nu àgbọ̀n wọn, ó gbẹ ẹ́, ó yẹ ìpàkọ́ wò bóyá egbò ti ń yọ. Awọ ara wọn mọ́ tónítóní.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun. Wọ́n ní àwọn ń gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Ọrùn kì í ṣe apá! Àṣẹ tí ọpọlọ ń pa fún èémí ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá fà á tàbí yí i, èémí lè dá. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò dá mi lóhùn. Jọ̀wọ́, pè wọ́n lálẹ́ òní. Tìrẹ ni wọ́n máa gbọ́.

Èmi ni,
Ṣadé