Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa sin Kóòṣì

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú àdúrótì o. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú àìsùn, ẹ kú owó tẹ́ ẹ ná, Ọlọ́run ò ní fi ọ̀fọ̀ san án fún yín. Ó yẹ ká ti kọ èyí láti ọjọ́ kejì ìsìnkú, àmọ́ Màmá ní ká sinmi ná, òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó tì í, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, àwọn ẹ̀gbọ́n mi yí mi ká tí wọ́n ń sọ pé "fi ti àwọn kọ́áyà kún un", "o ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀", torí náà tó bá rí jákujàku ẹ foríjì wá.

Ẹ̀bẹ̀ la fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀. Àga ò kárí. A rò pé àwọn tó gba mẹ́dà eré sísá lábẹ́ Dádì, tí gbogbo yín ń pè ní Kóòṣì, ló máa pọ̀ jù, a tiẹ̀ ti ya ìlà iwájú sọ́tọ̀ fún wọn, wọ́n sì wá lóòótọ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an. Àmọ́ àwọn tó kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, tó dúró lórí ẹsẹ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn tí ò gba nǹkan kan rí láyé wọn ni. Bá a ṣe ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ ọ́ fúnra wọn. Ẹnì kan ní "èmi ni mo máa ń kẹ́yìn", òmíì ní "èmi ò wọ tíìmù rí, omi ni mo máa ń gbé, Kóòṣì ló ní kí n má lọ sílé." Ọkùnrin kan tó wá láti òkè òkun sọ fún Màmá pé ọdún kan péré lòun fi sáré, òun sì fi sílẹ̀, àmọ́ Dádì ò yéé pe òun láti ìgbà yẹn, ọdọọdún ló máa ń béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Màmá ò mọ̀. Àwa náà ò mọ̀. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé o.

Ẹ rántí àwọn nótúbúùkù tá a tò sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, Màmá ló ní ká gbé wọn síta. Ó lé ní 30 ọdún tí Dádì fi ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, ó ń kọ́ wọn ní físíìsì láàárọ̀, ó ń kọ́ wọn léré sísá ní pápá nírọ̀lẹ́, kò sì sí ọmọ kan tó sáré lójú ẹ̀ tí kò ní ojú ìwé tiẹ̀. Nǹkan tó jọ mí lójú ni pé kò kọ ipò ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Kò sí ẹni kìíní, kò sí ẹni kejì, iye àkókò tó o fi sá a lónìí ló máa ń kọ sábẹ́ èyí tó o fi sá a lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó parí. Mo dúró ti bàbá kan tí irùngbọ̀n ẹ̀ ti funfun, tó rí ojú ìwé ẹ̀ tó sì ń fi ìka tẹ̀ lé e látòkè délẹ̀. 400 mítà ni, ìṣẹ́jú àáyá ló fi kà á: 71.8, 71.2, 70.9, lẹ́yìn náà 73.5, Dádì fi báírò pupa kọ "ara ẹ̀ ò yá" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 70.3, ó ń bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé 68.4, ó wá fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀. Kò síbi tí ọkùnrin kan ti máa fi 68.4 gba mẹ́dà níwájú àwọn sárésáré. Bàbá yẹn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń tẹ ìka mọ́ ìlà méjì yẹn ni.

Aǹtí wa tó sọ̀rọ̀ nípa kíláàsì físíìsì, ẹ ṣé tẹ́ ẹ mú wáyà yẹn wá. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ nígbà tí máìkì kú, nǹkan tí wọ́n sọ ni pé Dádì tẹ wáyà bí ọrun, ó ní kí wọ́n wá ibi tí gbogbo ìwọ̀n ẹ̀ pé jọ sí, wọ́n wá a títí, kò sí lára wáyà, inú afẹ́fẹ́ ló bọ́ sí. Ó wá ní ohun tí Dick Fosbury, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fo òkè, ṣe nìyẹn ní Òlíńpíìkì Mexico lọ́dún 1968 tó fi fo 2.24 mítà, tó gba góòlù, ó fi ẹ̀yìn kọjá lórí ọ̀pá, ó tẹ ara ẹ̀, ara ń gba òkè kọjá tí àárín ìwọ̀n ẹ̀ sì lè máa gba abẹ́ ọ̀pá lọ. Ibi tí Dádì fẹ́ràn jù nínú ìtàn yẹn ni ti kóòṣì ọmọ náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó kọ́kọ́ fẹ́ kó padà sí bí gbogbo ayé ṣe ń fò ó, àmọ́ tó fi í sílẹ̀ nígbà tó rí i pé ọmọ ń fò dáadáa. Ó máa ń sọ ọ́ fún wa nílé tá a bá ń bá àwọn ọmọ wa jà. Á ní "wò ó ná, kó o tó tún un ṣe."

Ẹ̀yin ọmọ relay, eré tí wọ́n ti ń gbé ọ̀pá fún ara wọn, ńkọ́! A ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ ṣe é. Ẹ tò láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi pósí, ẹ nawọ́ sẹ́yìn, ẹ ń gbé ọ̀pá yẹn síra yín lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò bojú wẹ̀yìn, ẹ kàn ń gbọ́ "gbà!" ẹ sì ń gbà á, àgbà tó ti ń fi igi rìn náà nawọ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti bú sẹ́kún. Àwa la mọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀pá ṣe jẹ́ nínú ilé wa, torí Dádì á tò wá ní pálọ̀, a máa jókòó, á di wá lójú, ká máa gbé e. Ó ní ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ eré kí wọ́n tó gbé e dé ọwọ́ ẹ̀, ẹni tó ń gbé e kò sì gbọ́dọ̀ jù ú sílẹ̀ títí ọwọ́ kejì á fi dì í mú. Nígbà tí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà ní Beijing lọ́dún 2008, ní 4x100 (èèyàn mẹ́rin, 100 mítà ẹnì kọ̀ọ̀kan), tó tún bọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọn lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ibi tí ẹni kẹta ti ń gbé e fún ẹni kẹrin ni méjèèjì, Dádì ò sùn. Inú ò bí i sí wọn rárá, àánú wọn ló ń ṣe é. Ó ń sọ pé àwọn ọmọ yẹn yára gan-an, àsìkò láti jọ gbé ọ̀pá pọ̀ ni wọn ò ní tó.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá Màmá sùn níbẹ̀ kí wọ́n má baà dá wà, àwọn kọ́áyà, àwọn awakọ̀, àwọn aládùúgbò tó fi ilé wọn gba àlejò wa láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, a rí lẹ́tà yín, a kà á fún Màmá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tí ẹ ò lè wá tẹ́ ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, a ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò tíì gbọ́ wọn tán, ẹ má rò pé a ò kà yín sí.

Ẹni tó bá fẹ́ fọ́tò ojú ìwé ẹ̀ nínú nótúbúùkù, kó fi orúkọ àti ọdún tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń yà wọ́n, á dé ọ̀dọ̀ yín.

Ó wá ku ọ̀pá yẹn. Ẹni tó kẹ́yìn ìlà gbé e lé Màmá lọ́wọ́, gbogbo wa sì ń sunkún, kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ni ín. Ọ̀pá àtijọ́ ni, ọ̀dà ẹ̀ ti họ, wọ́n fi téèpù dúdú wé ẹnu ẹ̀ kan, ọwọ́ Dádì sì ló fi báírò kọ "4" sára téèpù náà, a mọ 4 ẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ ìwọ lo mú un wá, jọ̀ọ́ pe Màmá. Tó o bá sì fẹ́ kó máa wà lọ́dọ̀ wa, orí tábìlì ẹ̀ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ stopwatch.