Àwo Tí O Fi Ránṣẹ́ Ti Dé

Lágéré, Ilé-Ifẹ̀,
Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwo àkójọ orin Black Sabbath, ẹgbẹ́ olórin rock, tí o fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé láti Birmingham ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Méjèèjì pé, kò sí èyí tó sán.

Giramafóònù bàbá mi ni mo gbé jáde. Òjò ni orin àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún lókèèrè. Kí n tó mọ̀, ìyàwó mi ti sáré jáde lọ ká aṣọ lórí okùn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń mú ganrín-ganrín níta! Ìgbà tó wọlé ló bi mí pé kí ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé àwọn ta ọkàn àwọn nítorí rock 'n' roll. Mo ní wọ́n ní tọkàntọkàn làwọn fi kọrin. Ọlọ́run á dárí jì mí. Orin "Changes" ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn ṣá, torí dùùrù ló wà níbẹ̀, kò sí gìtá.

Mo ní ẹ̀sùn kan. Àkójọ báyìí dà bí ẹni tó ṣa ẹran inú ọbẹ̀ jẹ. Àwo mẹ́fà tí Black Sabbath ṣe láti 1970 sí 1975 ni wọ́n ti ṣà á, síbẹ̀ orin kan péré ni wọ́n mú nínú "Sabotage", tó kẹ́yìn nínú wọn. Kí ló dé?

Ọ̀rọ̀ ìka ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé gan-an. O mọ̀ pé látìgbà tí máṣínì tí a fi ń lọ irin ti gé orí ìka tó tẹ̀ lé ọmọńdinrín lọ́wọ́ òsì mi, n ò fọwọ́ kan gìtá mọ́. Àlàyé tí o kọ nípa Tony Iommi, onígìtá wọn, mo kà á ní àkàtúnkà. Ọmọ ọdún 17, ọjọ́ tó kẹ́yìn níbi iṣẹ́ irin, ni ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì, lọ́wọ́ ọ̀tún tó fi ń tẹ okùn, torí ọlọ́wọ́ òsì ni. Ọ̀gá rẹ̀ ló gbé àwo Django Reinhardt wá fún un, ẹni tí iná jó lọ́wọ́ tó wá ń fi ìka méjì ta gìtá. Ká ní Ifẹ̀ níbí ló ti ṣẹlẹ̀ ni, wọn ì bá ti ní kó lọ bọ Ògún ná.

Èmi náà yọ́ ike fi ṣe orí ìka bí Iommi ti ṣe, ìdérí ìgò ọṣẹ olómi ni mo lò. Mo kọ́kọ́ fi jó àtàǹpàkò. Ẹlẹ́ẹ̀kejì bá ìka mu, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ lórí okùn bí ilá. Mo bá tọ oníbàtà lọ, ó gé awọ pẹ́ńpẹ́ fún mi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo wá dẹ okùn wálẹ̀, bí Iommi ṣe dẹ tirẹ̀ nínú orin "Children of the Grave", kó má baà le mọ́ mi lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ ń kùn bíi jẹnẹrétọ̀! Orin wọn, "Iron Man", ni mo kọ́kọ́ dán wò. Ọmọ iṣẹ́ mi ju irin tó ń jó sílẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ̀yin nìyẹn?"

Ikú Ozzy, akọrin wọn, dùn mí, ọjọ́ 22 oṣù Keje, ọjọ́ 17 péré lẹ́yìn tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣeré ìkẹyìn ní pápá bọ́ọ̀lù Villa Park lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Bí o bá gba orí afárá tí wọ́n fi orúkọ wọn pè, bá mi ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹni tó bá tún ń bọ̀, jọ̀ọ́, fi okùn gìtá rán an, èyí tó tín-ín-rín jù lọ. Mo ti ṣèlérí fún olórí akọrin pé màá ta gìtá lọ́jọ́ ìkórè. N ò tíì sọ fún un ẹni tó kọ́ mi padà.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ, oníka ike.