Ọ̀rọ̀ Tó O Bi Mí

Ìgèdè Èkìtì

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Oṣù mẹ́ta nìyí tí mi ò gbóhùn rẹ. Ara ìyá rẹ le, orúnkún nìkan ló ń dà á láàmú. Ewúrẹ́ ti bí méjì. Afẹ́fẹ́ ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé, a ti kàn án padà.

Nínú ọ̀rọ̀ tó o kọ sí mi kẹ́yìn, o ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, "staunch", fún ọ, o sì ní owó ilé ti tó san. Èsì tí mo fọ̀ ni pé ṣé kò sí ìwé atúmọ̀ èdè lọ́dọ̀ yín ni. Mi ò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Láti ìgbà náà lo ti dákẹ́. Ẹnìkan tó ti Ìbàdàn dé wá sọ pé o ti kó kúrò níbi tó ò ń gbé. Ta lo sọ fún? Ṣé ẹni ìta ló yẹ kó gbọ́ kí bàbá rẹ tó gbọ́? Èmi tí mo fi ọdún 30 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tèmi bi mí ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mo sì lé e padà. Jẹ́ kí n dá ọ lóhùn báyìí.

Inú èdè Faransé àtijọ́ ló ti wá, "estanchier": kí a mú kí ohun tó ń ṣàn má ṣàn mọ́. Títí dòní ni àwọn Faransé ń sọ "étancher", wọ́n tún ń lò ó fún kí a pa òùngbẹ. Ọkọ̀ ojú omi tí omi kò ráyè wọ̀, staunch ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni wọ́n gbà tí wọ́n fi ń pe ọ̀rẹ́ tí kì í yẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ dídá ẹ̀jẹ̀ dúró ni, àwọn mìíràn máa ń yọ "u" kúrò. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 lò ó ní Lúùkù orí 8, fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ fún ọdún 12.

Ṣùgbọ́n tiwa ló yé mi jù. Òjò dá. Ẹ̀jẹ̀ dá. A kì í sọ pé odò dá, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ọmú ìyá náà, gbígbẹ ni. Òjò tó dá lónìí ṣì ń bọ̀ wá rọ̀. Ohun tó bá gbẹ, orísun rẹ̀ ló tán.

Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Ní ọdún 1974, àdá ṣá àbúrò mi nítan lóko. Ó yẹ kí n bọ́ aṣọ mi, kí n fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà gírígírí, kí n má gbé ọwọ́ kúrò. Ìwọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sá lọ pe àwọn àgbà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo pé, "Ẹ wò ó, ẹ̀jẹ̀ ti dá!" Bàbá mi fi ọwọ́ bojú. Kò dá, ọmọ mi. Ó gbẹ ni.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè sùn. Mo máa ń lọ sẹ́bàá omi Ọ̀ṣun tó sun nílùú wa yìí kó tó máa ṣàn lọ sí Òṣogbo, màá dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdákẹ́ tìrẹ yìí, ṣé ó dá ni, àbí ó gbẹ? Inú ń bí mi sí ọ o. Ẹni tó bá bínú sí bàbá rẹ̀ á sọ fún un lójú ni, kì í kó lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ṣì ń lọ síléèwé? Ṣé ó dá ni, Àbẹ̀kẹ́?

Mo ti san owó náà sínú àkáǹtì rẹ lánàá. Bí o kò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, pe ìyá rẹ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni màá jókòó sí, mi ò ní gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ