Ìkéde: Ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò IVA

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó orí mọ́tò yìí.

Sátidé tó ń bọ̀, aago 10 àárọ̀, a ó pàdé ní gáréèjì wa láti yẹ àwọn mọ́tò tí a fọwọ́ ara wa tò wò, kí wọ́n tó lọ fún ìdánwò IVA (àyẹ̀wò tí a fi ń fọwọ́ sí mọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan) lọ́dọ̀ DVSA, àjọ ìjọba Britain tó ń yẹ mọ́tò wò. Láìsí ìwé ẹ̀rí ìdánwò yẹn, DVLA, àjọ tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀ ní Swansea, kò ní fún wọn ní nọ́ńbà.

Ẹ kó gbogbo rìsíìtì wá, fọ́tò tí ẹ yà láti ìbẹ̀rẹ̀, àti V5C (ìwé ìforúkọsílẹ̀) mọ́tò tí ẹ ti yọ ẹ́ńjìnnì tí ẹ lò. Ẹ má fojú kéré rìsíìtì: ẹni tí kò bá lè fi ibi tí ẹ̀yà mọ́tò rẹ̀ ti wá hàn lè gba nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q, èyí tó ń fi hàn pé ọjọ́ orí tàbí orísun mọ́tò náà kò dájú, ẹ sì mọ̀ pé kò wu ẹnikẹ́ni. A ó jọ kọ fọ́ọ̀mù V627/1, tí a fi ń ṣàlàyé fún DVLA bí a ṣe to mọ́tò, níbẹ̀.

Etí irin tó mú ló ń dùn mí jù. Ohun tó bá yọ síta níbi tí ara èèyàn lè kàn, ẹ fi fáìlì, irin tí a fi ń dán irin, ra á títí yóò fi rí roboto. Rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ (ìwọ̀n bí etí náà ṣe rí roboto tó) kò gbọ́dọ̀ dín sí mìlímítà 2.5. Sítíárì náà gbọ́dọ̀ máa padà sí àárín fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì kó tó di Tọ́sìdé, kí ẹ sì sọ bí ẹ bá nílò tírélà.

Akọ̀wé