Lẹ́tà sí Àǹtí mi ní Ìkọ̀lé-Èkìtì: Ẹ má tíì ta oko kòkó yẹn

Àǹtí mi,

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú ìtọ́jú Ayọ̀. Mo gbọ́ pé ẹ ti ń wá ẹni tí yóò ra oko kòkó tó wà lọ́nà Ìjẹ̀ṣà-Ìsù, torí wọ́n ní àwọn òyìnbó ti rí ohun tó ń wo fòníkú-fọ̀la-dìde, àìsàn SS tó ń ṣe Ayọ̀. Ó wà lóòótọ́. Ẹni tó sọ fún yín kò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Ìyókù ni mo fẹ́ kọ síbí kí ẹ tó fọwọ́ síwèé ilẹ̀.

Casgevy ni orúkọ ìtọ́jú náà. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ fàṣẹ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní oṣù kejìlá, fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 12. Ayọ̀ ti di 14, ọjọ́ orí kò dí i lọ́wọ́. Nínú àwọn 31 tí wọ́n ti tọ́jú tó pẹ́ tó láti ṣírò, 29 ló lo ó kéré tán oṣù 12 gbáko láìní kíráísísì ńlá kan, ìyẹn ìrora líle tí àìsàn yìí ń fà. Ìdùnnú ńlá ni èyí jẹ́ fún gbogbo àwa tó ń rí ohun tí àìsàn yìí ń fi ọmọ wa ṣe.

Ohun tó ń ṣe nìyí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ṣì nínú jíìnì (ìlànà tí a bí mọ́ ara) tó ń darí hemoglóbíìnì, ìyẹn èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀ bíi dòjé. Hemoglóbíìnì tí ọmọ ń lò nínú oyún yàtọ̀, kò ní àṣìṣe yẹn. Lẹ́yìn ìbí ni jíìnì mìíràn, BCL11A, máa ń pa ti ìkókó kí ti àgbà lè gba iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ara ọmọ SS fi máa ń dá ṣáṣá ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn dókítà á wá fi CRISPR, irinṣẹ́ tó gba Ẹ̀bùn Nobel fún Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier ní 2020, gé ibì kan lára BCL11A nínú sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn inú egungun, kí ti ìkókó lè padà wá ṣiṣẹ́. Lẹ́tà tó ṣì kò kúrò níbẹ̀ o. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣe é fún Ayọ̀, S ni yóò ṣì fún gbogbo ọmọ tó bá bí, AA ló sì gbọ́dọ̀ fẹ́.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n á kọ́kọ́ fi máa fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, títí S inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìdá 30 nínú 100. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún un ní plerixafor, tó ń lé sẹ́ẹ̀lì jáde láti inú egungun sínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún àwọn aláìsàn mìíràn kò dára fún SS, ó lè dá kíráísísì burúkú sílẹ̀. Ẹ̀rọ á wá máa fa ẹ̀jẹ̀, á yọ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fẹ́, á dá ìyókù padà. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa dá padà sí i lára ní ìkẹyìn kò gbọ́dọ̀ dín ní mílíọ̀nù 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara rẹ̀, wọ́n á sì tún tọ́jú àwọn mìíràn tí wọn ò fọwọ́ kàn, bí ti àtúnṣe kò bá gbà. Ìkójọ ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà tó, ọ̀pọ̀ ló ń padà lọ lẹ́ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta. Ilé iṣẹ́ lè lo tó oṣù 6 lórí àtúnṣe àti àyẹ̀wò kí wọ́n tó dá a padà, nínú òtútù tó kọjá 135 ní ìsàlẹ̀ òdo.

Ibi tó nira jù ló wá kàn. Wọ́n á fi busulfan, oògùn jẹjẹrẹ, pa mùdùnmúdùn tó wà nínú egungun kí tuntun lè ráyè. Láti ìgbà náà títí tuntun yóò fi gbilẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà nínú ara rẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ 27 kí ìyẹn tó padà, ó sì máa ń tó ọjọ́ 35 kí èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì tó padà. Ẹnu á bó, irun á re, ibà kékeré lè gbẹ̀mí. Inú yàrá tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń gba inú asẹ́ ni yóò máa gbé, iná kò sì gbọ́dọ̀ lọ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Busulfan tún lè sọ ọmọkùnrin di ẹni tí kò lè bímọ, nítorí náà wọ́n á ti gba àtọ̀ rẹ̀ pamọ́ ṣáájú.

Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là. Bí a bá ṣírò dọ́là kan ní ₦1,500, bílíọ̀nù ₦3.3 nìyẹn. Àǹtí, gbogbo oko tó wà láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ lẹ bá tà, mi ò rò pé yóò tó o.

Ẹni tó bá sọ pé òun ní kápúsù tàbí ìyẹ̀fun “stem cell” tó ń ṣiṣẹ́ kan náà, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi òtútù líle pa mọ́, tí wọ́n sì ń fà sínú iṣan, kò lè yè nínú páálí lórí tábìlì ọjà, áńbọ̀tórí nínú ikùn.

Ibi tí ìrètí mi wà nìyí. Àwọn onímọ̀ ń wá bí irinṣẹ́ náà yóò ṣe wọ ara nípasẹ̀ abẹ́rẹ́ lásán, láìyọ sẹ́ẹ̀lì síta, láìlo busulfan. Ní 2025, ní Philadelphia, wọ́n fi irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ tún àṣìṣe lẹ́tà kan ṣe nínú ẹ̀dọ̀ ìkókó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ KJ. Ọ̀rá tíntìntín, irú èyí tó gbé abẹ́rẹ́ Covid, ló gbé e wọlé. Ẹ̀dọ̀ rọrùn torí ibẹ̀ ni ọ̀rá náà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Dídé inú egungun ni wọ́n ṣì ń bá jà. Ọjọ́ tí wọ́n bá yanjú èyí, ọsibítù ìkọ́ni ní Adó tàbí ní Ìdó lè ṣe é láìní yàrá olówó iyebíye yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù, wọ́n lè sọ pé ara rẹ̀ kò gbà á. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn pé ara Ayọ̀ ni kí ẹ náwó lé lórí nísinsìnyí.

Àkọ́kọ́ ni hydroxyurea, òun náà ń jí hemoglóbíìnì ìkókó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ti CRISPR. Mílígíráàmù 15 sí 20 fún kílò kan ni dókítà sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí Ayọ̀ bá wọn kílò 33, tí dókítà sì fi 15 bẹ̀rẹ̀, 495 nìyẹn, ìyẹn kápúsù 500 kan lójúmọ́. Ẹ má tú kápúsù náà, aboyún kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìyẹ̀fun inú rẹ̀. Bó bá gbàgbé lónìí, kó má lo méjì lọ́la. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, torí ó lè fa ẹ̀jẹ̀ funfun sílẹ̀ jù. Bó bá wálẹ̀, dókítà á dá a dúró díẹ̀, á sì dín in kù. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ló ń gbà kí ìyàtọ̀ tó hàn. Àárín ìgbà yẹn lọ̀pọ̀ òbí ń pa á tì, tí wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn á sì dá a dúró gẹ́rẹ́ tí ara ọmọ bá ti yá. Kó sì máa lo fólíìkì ásíìdì àti Paludrine, oògùn tó ń dènà ibà, lójoojúmọ́ bí dókítà ṣe kọ ọ́.

Èkejì ni TCD, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú ọpọlọ. Kì í dun ọmọ. Bó bá dín ní sẹ̀ńtímítà 170 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó dára. 170 sí 199, ẹ padà wá láìpẹ́. 200 sókè, ewu rọpárọsẹ̀ wà, ìtọ́jú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kano àti Kaduna fi hàn pé hydroxyurea ṣeé lò níbí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni àyẹ̀wò ọdọọdún yìí máa ń mọ, nítorí náà ọdún méjì péré ló kù fún Ayọ̀. Bí ẹ kò bá rí i ṣe ní Adó, UCH Ìbàdàn ń ṣe é. Ẹ fi àyẹ̀wò ìtọ̀ fún kíndìnrín àti àyẹ̀wò ojú kún un lọ́dọọdún.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38.5, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ẹ má fi oògùn ibà dán an wò nílé.

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì, ìyá kan náà, bàbá kan náà, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n á gbà kí wọ́n yẹ ara wọn wò fún ìbáramu mùdùnmúdùn, bóyá wọ́n lè fún Ayọ̀ nínú tiwọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìrètí ẹnì kọ̀ọ̀kan, AS kò sì dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n ti ṣe irú ìtọ́jú yìí ní ìlú Benin, nílẹ̀ wa níbí, ní 2011. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, àmọ́ kò sún mọ́ bílíọ̀nù.

Tí ẹ bá ń bọ̀ ní Adó, ẹ mú gbogbo káàdì ọsibítù rẹ̀ àti àbájáde ẹ̀jẹ̀ tó gbà kẹ́yìn dání, kí ẹ sì wọn kílò rẹ̀ kó tó jẹun àárọ̀.

Èmi ni, ọmọ yín ní Adó.